WỌ́N Ń KA ÌṢẸ́JÚ LÓJÚ SÁNMÀ, WỌN Ò KA WÁKÀTÍ LÓRÍ ILẸ̀

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, láti Kìṣí dé Ìgánná, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ ìrìn la bá wá sọ́dọ̀ yín.

Ìròyìn kan ni wọ́n ń gbé kiri. Wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn, èyí tó wà ní Alákíà, tí wọ́n fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè ní ọdún 2023, fẹ́ di ti àgbáyé. Wọ́n ní láti ibẹ̀ sí Àbújá, wákàtí kan péré. Wọ́n ní láti ibẹ̀ sí Ìkẹjà l'Ékòó, kí ènìyàn tó jẹ gúgúrú ọwọ́ rẹ̀ tán, bàálù ti balẹ̀. A ò ní kí wọ́n má sọ ọ́, òótọ́ ni. Àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì tó dùn ni wọ́n gbé síwájú yín. Ìdajì kejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀yin lẹ ń jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì láti ìdájí títí oòrùn yóò fi gùn.

Ẹgbẹ́ wa kò bá bàálù jà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Ohun tí à ń bá jà ni ìṣirò tí wọ́n ń fi tàn yín, ìṣirò tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Alákíà bí ẹni pé kò sí ènìyàn kankan lẹ́yìn Alákíà.

Ẹ JẸ́ KÁ JÙMỌ̀ ṢÍRÒ RẸ̀

Ẹ mú bírò àti ìwé. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti pápákọ̀ Ìbàdàn dé ti Èkó, nǹkan bíi 113 kìlómítà ni. Láti pápákọ̀ Ìbàdàn dé ti Àbújá, nǹkan bíi 405 ni. Bí bàálù ńlá bá ti gòkè tán, ó ń sá ju 700 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ pé eré yìí nìkan ni, Ìbàdàn sí Èkó ò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kí ló wá dé tó fi ń gba nǹkan bí ìdajì wákàtí? Ìdí ni pé bàálù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn lórí ilẹ̀ dé ibi tí yóò ti sáré. Ó gbọ́dọ̀ gùn ún lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kó sì tún rọra sọ̀. Bó bá dé òkè Ìkẹjà, ó lè bá àwọn mìíràn tó ń dúró láti balẹ̀, yóò sì máa yípo títí yóò fi kàn án.

Ẹ wo èyí dáadáa. Ọ̀nà Àbújá gùn ju ti Èkó lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀, síbẹ̀ ìlọ́po méjì àsìkò péré ló ń gbà. Ìyẹn ni pé bí ọ̀nà bá ṣe kúrú tó ni bàálù kò ṣe ní èrè tó. Ní ọ̀nà kúkúrú, ilẹ̀ ló ń jẹ àsìkò èrò, kì í ṣe sánmà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìṣirò náà wá sílé. Ẹ ya ìlà tààrà láti Ṣakí lọ sí pápákọ̀ Àbújá lórí máàpù. Nǹkan bíi 430 kìlómítà ni. Ìsẹ́yìn ńkọ́? Nǹkan bíi 420. Ìgbòho? Nǹkan bíi 385. Kìṣí? Nǹkan bíi 375. Ìgbẹ́tì? Nǹkan bíi 345. Ẹ rántí pé láti pápákọ̀ Ìbàdàn, 405 ni.

Ṣé ẹ rí ohun tí máàpù ń sọ? Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì sún mọ́ Àbújá ju pápákọ̀ Ìbàdàn lọ! Ṣakí tí wọ́n ń pè ní ìpẹ̀kun ayé, kìlómítà bíi 25 péré ló fi jìnnà jù ú. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé "ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ibi tí ẹ wà ti jìnnà jù," ẹ dá a lóhùn pé Ọlọ́run kò dá wa jìnnà. Àìsí ọ̀nà ló sọ wá di ará òkèèrè.

Ẹ wá wo ohun tí ojú ọmọ Ṣakí ń rí bó bá fẹ́ wọ bàálù oníwákàtí kan yìí. Yóò kọ́kọ́ gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ, sí apá ibi tí kò fẹ́ lọ rárá, ó lé ní 170 kìlómítà kó tó dé Ìbàdàn. Bí mọ́tò kò bá bàjẹ́, bí òjò kò bá rọ̀, bí kò bá sí tírélà tó dábùú ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká fún un ní wákàtí mẹ́rin. Láti Mọ́níyà la àárín Ìbàdàn kọjá dé Alákíà pẹ̀lú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, wákàtí kan. Kó jókòó de bàálù, ó kéré tán wákàtí kan. Kó wá fò, wákàtí kan. Ẹ rò ó pọ̀: wákàtí méje! Kan ṣoṣo ló wà ní sánmà nínú méje. Kìlómítà 405 ní wákàtí kan lókè, kìlómítà 170 ní wákàtí mẹ́rin nílẹ̀. Ará Kìṣí tí ọ̀nà tirẹ̀ sí Ìbàdàn lé ní 200 kìlómítà ńkọ́? Òun a sùn sí Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, yóò sanwó ilé tó sùn, yóò sanwó oúnjẹ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó wá sọ fún un pé wákàtí kan ni Àbújá.

Bí wọ́n bá tún pápákọ̀ náà ṣe títí tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí, èwo nínú wákàtí méje yìí ni yóò dín? Kò sí èyí tí yóò fi ìṣẹ́jú márùn-ún dín fún ará Ṣakí. Ṣùgbọ́n bí a bá tún títì ṣe, tí wákàtí mẹ́rin di méjì àti ààbọ̀, wákàtí kan àti ààbọ̀ ti bọ́ sí i lápò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí bàálù tí wọ́n kọ́ láyé tó lè fún un nírú èrè bẹ́ẹ̀ láàárín Ìbàdàn sí Àbújá, nítorí gbogbo ìrìn bàálù náà kò ju wákàtí kan lọ.

PÁPÁKỌ̀ TÓ SÚN MỌ́ YÍN TÍ WỌN KÌ Í DÁRÚKỌ

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún yín. Láti Ṣakí sí pápákọ̀ Ìbàdàn, bí ẹyẹ bá fò tààrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 160 kìlómítà. Láti Ṣakí sí pápákọ̀ Ìlọrin, nǹkan bíi 125 ni. Láti Kìṣí sí ti Ìlọrin, nǹkan bíi 100. Láti Ìgbẹ́tì, kìlómítà 50 àti díẹ̀ ni!

Pápákọ̀ Ìlọrin ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, Yorùbá bíi tiwa ló sì yí i ká. Títì gidi kan tó gba Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì kọjá tó sì já sí Ìlọrin yóò gbé bàálù wá sí ìtòsí ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀, Olórunṣògo àti Òrelópé ju gbogbo bílíọ̀nù tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀ ní Alákíà lọ. Kí ló dé tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀? Nítorí pé Ìlọrin wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sì sí ẹni tí yóò gé ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀ kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ibi tí fọ́tò wà ni wọ́n ń wò. Àwa ń wo ibi tí ẹsẹ̀ yín ń gbà.

BÍLÍỌ̀NÙ NÁÍRÀ ÀTI "TI ÌJỌBA ÀPAPỌ̀ NI"

Ní ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí owó tó lé ní bílíọ̀nù 40 náírà láti fi tún pápákọ̀ Ìbàdàn ṣe, kí ibi tí bàálù ń sáré lé lè gùn sí i, kí bàálù òkè òkun lè máa balẹ̀ síbẹ̀. Ta ló ni pápákọ̀ náà? Ìjọba àpapọ̀ ni. FAAN, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣàkóso rẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ dákẹ́ kí ẹ ro èyí wò. Nígbà tí ẹ bá ké pé títì tó ti Ìsẹ́yìn gba Òtù àti Tedé lọ sí Ṣakí ń pa mọ́tò, tó ń pa ènìyàn, èsì wo lẹ máa ń gbọ́? "Títì ìjọba àpapọ̀ ni, kì í ṣe tiwa." Ẹ ti gbọ́ ọ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó wá yà wá lẹ́nu pé nígbà tó kan pápákọ̀ ìjọba àpapọ̀, ohùn yí padà. Wọn ò sọ pé kì í ṣe tiwọn mọ́. Wọ́n rí owó, wọ́n rí kọngilá, wọ́n rí ìwé àṣẹ. Ṣé ìjọba àpapọ̀ tó ni pápákọ̀ yàtọ̀ sí ìjọba àpapọ̀ tó ni títì ni? Ẹni tó bá lè tún ilé onílé ṣe ní Alákíà, kó má sọ fún wa pé òfin ò jẹ́ kóun dí kòtò ní Tedé.

Kí àwọn tó wà ní Àbújá náà má rò pé a gbàgbé wọn. Àwọn ló ni títì, àwọn ló fi í sílẹ̀. Èkíní ń fi ìka han èkejì, èkejì ń fi ìka han èkíní, ìwọ tí o wà nínú bọ́ọ̀sì ń jó gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n láàárín wọn.

ÈWO NI TI MẸ̀KÚNNÙ NÍNÚ Ẹ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ti Òkè-Ògùn, ilẹ̀ wa sì ju ìdajì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà lọ. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, kajú, mángòrò àti òrí. Àwọn tí wọ́n ń jẹun ní Ìbàdàn àti ní Èkó ń jẹ lára òógùn yín lójoojúmọ́. Mélòó nínú yín ló ń wọ bàálù? A ò fi bú yín. A fẹ́ kí ọmọ yín wọ bàálù dé ibi tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí á to àwọn tí ọ̀rọ̀ ìrìn ń pa lára tò, ta ló yẹ kó ṣíwájú?

Ẹ wo aboyún tí ọmọ dábùú sí nínú ní Ṣakí. Dókítà wò ó títí, ó kọ̀wé pé kí wọ́n tètè gbé e lọ sí UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tó ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957. Obìnrin yẹn kò bá Àbújá sọ̀rọ̀, kò bá òkè òkun sọ̀rọ̀. Kìlómítà 170 ló wà láàárín òun àti ìyè. Wákàtí mẹ́rin ni. Nínú wákàtí mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ lè dà tán lára ènìyàn. Pápákọ̀ àgbáyé ní Alákíà kò ní gbé e. Àfi kí títì gbé e, àfi kí wọ́n sì gbé ilé ìwòsàn gidi wá bá a níbi tó wà.

Ẹ wo ìyá tó kó tòmáàtì àti ata kún bọ́ọ̀sì láti ọjà Ṣakí. Bí mọ́tò bá ti ń ta sí kòtò, apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ ń di omi. Kó tó dé Bódìjà, ìdá kan ti bàjẹ́, àwọn oníbàárà ìlú ńlá yóò sì máa ná èyí tó kù ní ọ̀pọ̀. Ibi tí mọ́tò bá sì ti gbọ́dọ̀ rọra rìn nítorí kòtò, ibẹ̀ náà ni àwọn ajínigbé ń ba sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn ín lẹ mọ̀.

WỌ́N NÍ BÀÁLÙ YÓÒ GBÉ IṢU YÍN LỌ SÓKÈ ÒKUN

Àwọn ọlọ́rọ̀ dídùn yóò sọ pé, "Ẹ ní sùúrù, bí pápákọ̀ bá di ti àgbáyé, bàálù akẹ́rù yóò máa kó irè oko Òkè-Ògùn lọ sí òkè òkun." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ẹ jẹ́ ká sì yẹ̀ ẹ́ wò bí àgbà.

Ohun tí bàálù ń kó tó sì ń mówó wọlé ni ohun tó fúyẹ́ tí owó rẹ̀ wọ́n, tàbí ohun tí yóò bàjẹ́ bí ó bá pẹ́. Iṣu wúwo, àgbàdo wúwo, ẹ̀gẹ́ wúwo. Tírélà àti ọkọ̀ ojú omi ni tiwọn. Bóyá aṣọ òfì Ìsẹ́yìn ló bá bàálù mu jù nínú ohun tí à ń ṣe, nítorí ó fúyẹ́, ó sì níyì. Ẹ wá wo orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà tí wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Òótọ́ ni, bàálù ń kó òdòdó wọn lọ sí Hóláǹdì. Ṣùgbọ́n inú oko ní Naivasha ni òdòdó yẹn ti ń wá, nǹkan bí 100 kìlómítà sí pápákọ̀ Nairobi, lórí ọ̀dà, nínú ọkọ̀ tó tutù. Òdòdó tí wọ́n bá gé láàárọ̀ lè dé ìdí bàálù lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá gbé oko yẹn wá sí ọ̀nà Tedé, òdòdó yóò ti rọ kó tó rí Alákíà. Ìdí ọ̀nà ni bàálù akẹ́rù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ pápákọ̀ sílẹ̀ láìṣe ọ̀nà oko ti ra agbada kò ra epo.

Ṣé ẹ tún mọ̀ pé pápákọ̀ mẹ́ta ló ti wà lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn báyìí? Ìkẹjà kan, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọ̀nà Ìpẹ̀rù, àti Alákíà. Gbogbo wọn kò ju kìlómítà 113 lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa du èrò kan náà àti ẹrù kan náà. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Kìṣí, kò sí ẹyọ kan.

BÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN ṢE Ń ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a fi ayé hàn yín, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ará oko ni wá.

Ní àríwá Scotland, erékùṣù méjì kan wà tí wọ́n ń pè ní Westray àti Papa Westray. Bàálù kékeré kan ń lọ láti èkíní sí èkejì. Kìlómítà 2.7 ni gbogbo ìrìn náà. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìnnà, bí afẹ́fẹ́ bá sì dára, kì í tó ìṣẹ́jú kan. Òun ló kúrú jù láyé, láti ọdún 1967 ni wọ́n sì ti ń fò ó. Àwọn ènìyàn tó ń gbé Papa Westray kò tó 100. Kí ló dé tí ìjọba wọn ń fi owó ìlú ti irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn? Nítorí pé òun ni tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìjọba yẹn wo ẹni tó jìnnà jù, ó ní òun ni kí a kọ́kọ́ gbé. Ní tiwa, ẹni tó ti wà ní ẹ̀bá Èkó, tó ní títì márosẹ̀, tó ní rélùwéè, òun náà ni wọ́n tún ń gbé bàálù àgbáyé fún.

Ilẹ̀ Faransé ńkọ́? Ní ọdún 2023, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ pé bàálù kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́ láàárín ìlú méjì tí rélùwéè bá lè gbé wọn débẹ̀ láàárín wákàtí méjì àti ààbọ̀. Bàálù Paris láti pápákọ̀ Orly sí Bordeaux, sí Nantes, àti sí Lyon, gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró. Olówó ni wọ́n o! Èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ ni wọ́n fẹ́ dín kù, ṣùgbọ́n àwọn náà gbà pé ọ̀nà kúkúrú kì í ṣe iṣẹ́ bàálù níbi tí rélùwéè bá wà.

Àwa náà ní rélùwéè. Láti ọdún 2021 ló ti ń gbé èrò láti Èkó wá sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Níbo ló parí sí? Mọ́níyà! Mọ́níyà gan-an tí ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè ti dé ẹnu ọ̀nà wa, ó dúró, ó ń wo ilẹ̀ iṣu lọ́ọ̀ọ́kán. Ta ni nínú àwọn aláṣẹ tó ti bínú nítorí èyí bó ṣe ń bínú nítorí pé Alákíà kò tíì gba bàálù Lọ́ńdọ̀nù?

BÍ A TILẸ̀ Ń SUNKÚN, A MÁA Ń RÍRAN

Ẹgbẹ́ wa kì í purọ́ mọ́ ẹni tó ṣe rere. Ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe títì Mọ́níyà gba Ìjàyè lọ sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2021. Ó ṣe wá láǹfààní, a dúpẹ́. Ṣé ẹ rántí bí ọ̀nà yẹn ti rí tẹ́lẹ̀? Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná an, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn alásọ-òfì ní Ìsẹ́yìn. Kìlómítà 65 péré tí wọ́n fi ọ̀dà sí ṣe ohun tí kò sí pápákọ̀ tó lè ṣe é.

Ẹ̀rí tiwa nìyẹn, ọwọ́ wọn la ti gbà á. Wọ́n mọ ohun tí títì ń ṣe, wọ́n ti rí i. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè gbà fún wọn. Ìsẹ́yìn ni ẹnu ọ̀nà Òkè-Ògùn, kì í ṣe ìyẹ̀wù. Ẹni tó bá yín dé ẹnu ọ̀nà, tó fi yín sílẹ̀ níbẹ̀, tó wá sáré lọ kọ́ ilé sí Alákíà, kó má pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mú yín délé.

Ẹ má gbàgbé Ìkéré Gọ́ọ̀jì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsẹ́yìn. Láyé Ṣàgàrí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdídò yẹn. Wọ́n ní yóò fún yín níná, yóò fún yín lómi, yóò bomi rin oko. Ó lé ní ogójì ọdún, ìjọba ológun wá, ìjọba alágbádá wá, iná ìdídò náà kò tàn nílé yín. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ti di bàbá àgbà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìlérí ńlá dé, ẹ má pàtẹ́wọ́ kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́.

OHUN TÍ Ẹ Ó BI WỌ́N

Ìdìbò ọdún 2027 ni a ń sọ. Gbogbo wọn ni yóò wá, pẹ̀lú mọ́tò olówó ńlá tí kì í gbọ̀n nínú kòtò. Wọn yóò wá pẹ̀lú ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ gbà á bí ẹ bá fẹ́, owó yín ni wọ́n fi rà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin yìí.

Èkíní: wákàtí mélòó ni yóò máa gba ènìyàn láti Ṣakí dé Ìbàdàn, ọdún wo ni yóò sì bẹ̀rẹ̀? Kó sọ iye, kó sọ ọdún. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọdún.

Èkejì: títì wo ló máa ti Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì já sí Ìlọrin, èló ni, ta sì ni yóò ṣe é?

Ẹ̀kẹta: kí ló máa ṣe kí rélùwéè tó dúró sí Mọ́níyà lè rìn wá sí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí?

Ẹ̀kẹrin: bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá lè náwó sórí pápákọ̀ ìjọba àpapọ̀, kí ló dí i lọ́wọ́ lórí títì ìjọba àpapọ̀?

Ẹni tó bá dáhùn tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, tó ń jó, tó ń pín owó, ẹ jẹ́ kó jó lọ. Àwa ní ẹgbẹ́ wa ti kọ tiwa sílẹ̀: títì ṣáájú pápákọ̀, Ṣakí ṣáájú Alákíà, àti pé nínú gbogbo ìwé ìṣirò tí a bá ṣe nípa ìrìn ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tó jìnnà jù ni a ó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí a bá wọlé tí a kò ṣe é, ẹ mú ìwé yìí dání, ẹ wá fi bi wá.

Láti ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, a kò tíì rí ọmọ Òkè-Ògùn kan tó jókòó sórí àga gómìnà. Àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ kì í gba ọ̀nà yín lọ sílé. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ mú wọn ṣe é. Káàdì ìdìbò yín ni òṣùwọ̀n yín. Ẹ fi wọn ìlérí kí ẹ tó gbà á.

Ẹ sọ fún ará ilé, ẹ sọ fún ará oko. Ẹ ka ìwé yìí sí etí ẹni tí kò mọ̀wé. Bí wọ́n bá ní wákàtí kan ni Àbújá, ẹ bi wọ́n pé: láti ibo?

Ọ̀NÀ NI A FẸ́! Ẹ DÌBÒ FÚN Ẹ̀TỌ́ YÍN!